Bọ́ọ̀lù kejì tí ọ̀rẹ́ mi gbá láìsọ nǹkan kan: bó ṣe lọ lórí pápá gọ́ọ̀fù nítòsí Iléṣà

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń lọ káàkiri láàárín àwa tá a jọ ń gbá gọ́ọ̀fù lágbègbè Iléṣà, oníkálukú sì ń sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, àwọn kan ní mo ta ọ̀rẹ́ mi torí àwo iyán, àwọn kan ní ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fi ọgbọ́n rẹ́ mi jẹ, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Mo ti bi ọ̀rẹ́ mi léèrè bóyá kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe lọ, ó ní kí n kọ gbogbo ẹ̀, kí n má ṣáà dárúkọ òun. Ẹnjiníà ni mo máa ń pè é, Tíṣà lòun ń pè mí, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Ilesa Grammar School la ti mọra, ilé ìwé tí Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe dá sílẹ̀ ní 1934, bàbá tèmi lọ síbẹ̀, bàbá tiẹ̀ náà lọ síbẹ̀, ìjókòó kan náà làwa méjèèjì sì jọ lò títí a fi jáde. Èkó ló ń gbé báyìí, àmọ́ tó bá ti wá wo màmá ẹ̀ n'Ókèsà ní ìparí ọ̀sẹ̀, àárọ̀ Sátidé ti di tiwa nìyẹn. Òun ló kọ́ mi ní gọ́ọ̀fù o, kí ẹ mọ̀. Òun ló kó àwọn igi ẹ̀ àtijọ́ fún mi, òun ló fi bí wọ́n ṣe ń di igi mú hàn mí, òun ló dúró tì mí nínú oòrùn títí bọ́ọ̀lù fi ń gbéra nílẹ̀. Ìwé òfin ni mo kà fúnra mi, torí tíṣà ni mí, mi ò lè máa ṣe nǹkan tí mi ò mọ ìdí ẹ̀.

Handicap 14 lòun ń gbá, èmi ń gbá 22. Fún ẹni tí ò bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, tá a bá gbá ihò 18 tán, a ó yọ 14 kúrò nínú iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù, a ó yọ 22 kúrò nínú tèmi, ẹni tí tiẹ̀ bá kéré jù lẹ́yìn ìyẹn ló borí. Láti 2020 ni R&A àti USGA, àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù fún gbogbo ayé, ti gbé ètò handicap kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo ayé, mẹ́jọ tó dáa jù nínú 20 tẹ́nì kan gbá kẹ́yìn ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀. Òun ló jẹ́ kí eré yìí wọ̀ mí lára, pé èmi tí mo ti dàgbà kí n tó fọwọ́ kan igi gọ́ọ̀fù lè bá ẹni tó ti ń gbá a tipẹ́ fìgagbága, kò sì sí pé ẹnì kan ń ṣàánú ẹnì kan. Ṣùgbọ́n orí káàdì ni gbogbo ẹ̀ dúró lé. Tí iye tá a kọ sínú káàdì kì í bá ṣe iye tá a gbá, handicap náà ti di irọ́ nìyẹn, ẹlòmíràn tá a máa bá gbá lọ́sẹ̀ méjì sí i ló sì máa jìyà ẹ̀ láìmọ̀.

Pápá tá a lò kékeré ni, ihò mẹ́sàn-án ló ní, ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń yí i po kí 18 tó pé, par 72, ìyẹn ni pé ìgbà 72 ló yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa gbá bọ́ọ̀lù. Oṣù kẹsàn-án ni, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ pupa tiwa yìí, ẹni tó bá ti gbé Iléṣà rí mọ bó ṣe máa ń di ẹsẹ̀ mú tó bá ti mu omi yó. Koríko ẹ̀gbẹ́ fairway, ìyẹn ojú ọ̀nà tí wọ́n gé koríko ẹ̀ lọ sí ihò, ti ga dé orúnkún láwọn ibì kan. Tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọ̀rọ̀ yìí ò ní wáyé rárá, torí láti òkèèrè lẹ́ ẹ ti máa rí bọ́ọ̀lù tó funfun lórí koríko gbígbẹ, àmọ́ nínú òjò, nǹkan tí ò fẹ̀ ju bíi mílímítà 43 lọ, tó bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀ báyìí, ó ti di àwátì.

A ti gbá ihò mẹ́rin, ara wa ti yá, a ti fẹnu kò pé ẹni tó bá fìdí rẹmi ló máa ra iyán àti ẹran ìgbẹ́ fún ìkejì nígbà tá a bá padà wọ̀lú. Ihò karùn-ún, par 4 ni. Apá ọ̀tún ẹ̀, igi kaṣú wà níbẹ̀ pẹ̀lú koríko tó dí. Ẹnjiníà mú dráífà, igi tó ń gbé bọ́ọ̀lù jìnnà jù, ó fi agbára gbá a, bọ́ọ̀lù náà kọ́kọ́ lọ tààrà kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń tẹ̀, ó ń tẹ̀, ó wọ abẹ́ àwọn kaṣú yẹn lọ. A ò gbọ́ kó kan igi, kò sì sẹ́ni tó rí ibi tó balẹ̀ sí. Ẹnjiníà na ọwọ́ sẹ́yìn sí kádì ẹ̀, ọmọ tó ń bá a gbé igi, ó ní "Mú òmíràn wá", ọmọ náà fún un, ó gbé e lé tíì, èèkàn kékeré tá a fi ń bẹ̀rẹ̀ ihò, ó sì ti gbá a kí n tó gbójú sókè láti ibi tí mo ti ń nu ẹrẹ̀ kúrò lára igi tèmi. Èyí dáa gan-an, àárín fairway ló jókòó sí.

"Mú òmíràn wá", gbólóhùn tó sọ nìyẹn, èmi gbọ́ ọ, kádì méjèèjì gbọ́ ọ, kò fi nǹkan kan kún un.

Nígbà tá a débẹ̀, àwọn ọmọ yẹn wọ abẹ́ kaṣú láti wá ti àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni òfin fún wa láti fi wá bọ́ọ̀lù, márùn-ún ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí i padà ní 2019, Ẹnjiníà sì mọ̀ ọ́n, ó ń wo aago ọwọ́ ẹ̀. Kò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan tí ọ̀kan nínú wọn fi pariwo pé "Dádì, mo ti rí i o!" Òótọ́ sì ni, bọ́ọ̀lù tó ní ààmì pupa méjì tó máa ń fi báírò tọ́ sí i lára, ó jókòó sórí ilẹ̀ mímọ́ láàárín igi méjì, ojú ọ̀nà sì là síwájú ẹ̀ títí dé gríìnì, ibi koríko kúkúrú tí ihò wà, àfi bíi pé èèyàn ló gbé e síbẹ̀. Inú Ẹnjiníà dùn, ó ní kí kádì lọ ṣa bọ́ọ̀lù ti àárín fairway wá, ó ti ń yọ igi 7 nínú àpò.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀. Mo ní "Ẹnjiníà, dúró ná, má tíì gbá a. Bọ́ọ̀lù yẹn ò sí nínú eré mọ́."

Ó wò mí. "Kí lo wí?"

"O ò sọ pé provisional ni ìkejì tó o gbá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ó ní "Tíṣà, ta ni ò mọ̀ pé provisional ni? Kí ni kí n máa fi bọ́ọ̀lù méjì ṣe?"

Bó ṣe rí nìyí. Tó o bá gbá bọ́ọ̀lù tó o rò pé ó ṣeé ṣe kó sọnù, tàbí pé ó ti jáde kúrò ní ààlà pápá, òfin gbà ọ́ láàyè láti gbá òmíràn láti ibi kan náà kó o tó kúrò níbẹ̀, kó o má baà rìn dé ọ̀hún, kó o wá bọ́ọ̀lù tì, kó o tún máa rìn padà wá sórí tíì, ibi tá a ti ń bẹ̀rẹ̀ ihò, nígbà táwọn ẹlòmíràn ń dúró lẹ́yìn yín. Ìyẹn ni provisional. Tó o bá rí ti àkọ́kọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí kò sì jáde kúrò ní ààlà, wàá pa ìkejì tì láìsí ìjìyà. Òfin 18.3b wá sọ pé kó o tó gbá a, o gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde pé provisional lo fẹ́ gbá, o lè lo ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, o sì lè sọ ọ́ lọ́nà míì tó máa yé èèyàn kedere. Kò pọn dandan kó jẹ́ Òyìnbó. Ká ní Ẹnjiníà ti sọ pé "Ẹ jẹ́ n gbá òmíràn bóyá a ò ní rí tàkọ́kọ́", ó parí, kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn. Àmọ́ kéèyàn kàn sọ pé òun fẹ́ gbá òmíràn, àwọn tó ṣàlàyé òfin náà ti mẹ́nu kan irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ gan-an pé kò tó. Tí o ò bá sọ ọ́, bọ́ọ̀lù kejì ló wà nínú eré láti ìṣẹ́jú tó o ti gbá a, pẹ̀lú ìjìyà ọ̀kan, ìyẹn ni pé wọ́n á fi ẹyọ kan kún iye tó o gbá, ti àkọ́kọ́ ti di bọ́ọ̀lù tó sọnù, ì báà jẹ́ pé iwájú ẹsẹ̀ ẹ ló wà. Tó o bá wá lọ gbá ti àkọ́kọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù tí kò sí nínú eré mọ́ lo gbá, ìjìyà méjì ni, tó o bá sì gbá tíì ihò tó tẹ̀ lé e láìtún un ṣe, wọ́n máa yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n dá a dúró kó tó gbá a. Ká ní mo dákẹ́ kó gbá a tán kí n tó sọ̀rọ̀, ìyẹn ni ǹ bá pè ní ìwà ọ̀dàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ti ń sọ fún mi pé òfin yẹn le jù, pé kí ló wà nínú gbólóhùn kan. Mo ti rò ó dáadáa, mo sì gbà pẹ̀lú ẹni tó ṣe é. Ẹ wò ó báyìí, ẹni tí ò sọ nǹkan kan kó tó gbá ìkejì, ọwọ́ ẹ̀ ni yíyàn máa wà lẹ́yìn tó bá ti rí bọ́ọ̀lù méjèèjì. Tí ti àkọ́kọ́ bá wà níbi tó dáa, á ní provisional lòun gbá. Tí ti àkọ́kọ́ bá há sáàárín gbòǹgbò igi, á ní òun ti fi í sílẹ̀ látorí tíì, ìkejì lòun ń bá lọ. Mi ò sọ pé Ẹnjiníà máa ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ òfin ò lè wo ojú ẹnì kan kó mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu nìkan ló lè gbọ́.

Ó sọ fún mi pé òun ò gbà. Ó ní l'Ékòó, àwọn tóun ń bá gbá kì í sọ nǹkan kan, gbogbo èèyàn ti mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àwọn kádì ti dákẹ́, wọ́n ń wo ilẹ̀, ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí táwọn àgbà bá ń jiyàn lójú ọmọdé. Mo wá rántí Òfin 20.1c, mo ní "Ẹnjiníà, ìwọ ò gbà, èmi náà ò lè gbà, àwa méjèèjì kọ́ la máa dá a. Gbá bọ́ọ̀lù méjèèjì parí ihò yìí, kó o sọ èyí tó o fẹ́ kó dúró, ká lọ bi wọ́n ní kílọ́ọ̀bù." Kò sí ìjìyà fún ìyẹn tó bá jẹ́ pé iye tẹ́nì kọ̀ọ̀kan gbá la ń kà, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó yan èyí tó fẹ́ kó tó gbá èyíkéyìí nínú wọn, kó sì ròyìn ẹ̀ fún ìgbìmọ̀ kó tó dá káàdì padà. Ó ní "Ti àkọ́kọ́ ni mo yàn, gbọ́ ọ dáadáa o." Mo gbọ́ ọ.

Ó fi ti àkọ́kọ́ gbá mẹ́rin: ó gbé e dé itòsí gríìnì, ó ta á sókè sẹ́bàá ihò, ó tì í wọlé. Ti ìkejì, èyí tó gbá látorí tíì yẹn ti di ẹ̀kẹta pẹ̀lú ìjìyà, ẹ̀kẹrin bọ́ sórí gríìnì, ó tì í lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́fà. Mo kọ méjèèjì síbi tó ṣófo létí káàdì, mo fà á fún un kó rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ihò kẹfà, keje, kẹjọ, kádì ẹ̀ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, tí bọ́ọ̀lù tèmi bá dáa kò ní sọ pé ó dáa, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́. Nígbà tó máa tó sọ̀rọ̀, tá a ti parí ihò kẹsàn-án, tá a ń mu omi, ohun tó sọ ni pé "Torí iyán, Tíṣà." Mo ní "Ẹnjiníà, ihò karùn-ún la wà nígbà yẹn. Ta ló mọ ẹni tó máa ra iyán?"

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kiri gbọ́ ibí yìí dáadáa. Ìgbà tó yẹ kí ọ̀rẹ́ sọ òótọ́ fún ọ̀rẹ́ ni ìgbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa jèrè. Ká ní mo pa á mọ́ra títí di ìgbà tá a ro káàdì pọ̀, tí mo wá rí i pé ìjìyà yẹn ló máa jẹ́ kí n borí, kí n tó wá la ẹnu, ta ló máa gbà mí gbọ́? Èmi alára ò ní gba ara mi gbọ́. Ká sì ní mo pa á mọ́ra pátápátá, èmi ni marker ẹ̀, ẹni tó ń kọ iye tó gbá sínú káàdì, èmi ni mo máa fọwọ́ sí i pé mẹ́rin ló gbá nígbà tí mo mọ̀ pé ìbéèrè wà lórí ẹ̀. Marker tó mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ sí iye tí kò tọ́, òun náà lè pàdánù ipò tiẹ̀.

Ihò mẹ́sàn-án tó kù, oòrùn ti yọ, ilẹ̀ ti ń gbẹ, ọ̀rọ̀ sì ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí nǹkan pàtàkì tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tá a ròpọ̀, 99 ni tèmi, yọ 22 kúrò, ó ku 77. Tiẹ̀, tó bá jẹ́ mẹ́rin ló gbá ní ihò karùn-ún yẹn, 90 ni, yọ 14 kúrò, 76, ó borí mi pẹ̀lú ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ mẹ́fà, 92 ni, ó di 78, èmi ni mo borí. Àwa méjèèjì jókòó, a ń wo káàdì yẹn. Mo bá a káàánú, mo bá ara mi náà káàánú, torí mo mọ ohun táwọn èèyàn máa sọ.

Kápítéènì kílọ́ọ̀bù wà ní ìjókòó ẹ̀ ní báńkóní. A ò sọ ti ẹni tó máa borí fún un rárá, Ẹnjiníà ló sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fúnra ẹ̀, kò fi kún un, kò yọ kúrò, ó tiẹ̀ tún sọ gbólóhùn yẹn gan-an bó ṣe sọ ọ́: "Mú òmíràn wá." Ibí yìí ni ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti pọ̀ sí i, torí ó lè sọ pé òun sọ nǹkan míì, kò sì sẹ́ni tó máa fi ọmọ kádì ṣe ẹlẹ́rìí sí i. Kápítéènì fi fóònù ẹ̀ wo ìwé òfin R&A, ó ka 18.3b jáde, ó bi í pé "Ṣé ẹ sọ nǹkan míì kó tó di pé ẹ gbá a?" Ó ní rárá. Kápítéènì ní ti ìkejì ló dúró, mẹ́fà, ó sì ní a ṣe dáadáa tá a gbá méjèèjì, torí ká ní a fi ìjà parí ẹ̀ níbẹ̀, kò bá má sí ohun tóun lè dá. Ó tún fi kún un pé mẹ́fà yẹn máa wọ handicap bó ṣe wà, torí ní par 4 tó ti ní ẹyọ kan gbà nínú 14 tiẹ̀, ohun tó pọ̀ jù tí wọ́n máa kà fún un ni méje.

Ẹnjiníà mú báírò, ó kọ 6, ó fọwọ́ sí i, ó ní kí èmi náà fọwọ́ sí i.

Inú ọkọ̀, nígbà tá a ń padà bọ̀, kò tíì ju Ìbòkun lọ tó fi yí rédíò wálẹ̀. Ó ní bàbá bàbá òun, òṣómàáló ni, ó máa ń gbé aṣọ kiri ìgbèríko, ó ń tà á láwìn. Ó ní bàbá yẹn kì í fi aṣọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì ti jọ sọ ọjọ́ tó máa padà wá gbowó, ẹlòmíràn á sì gbọ́ ọ, torí ó mọ̀ pé tóun bá débẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, bó ti wù kóun lóṣòó pẹ́ tó lẹ́nu ọ̀nà, ẹni yẹn máa ní ọjọ́ kò tíì pé. Ó ní bí kápítéènì ṣe ń ka òfin yẹn, bàbá yẹn lòun rántí. Mi ò dá a lóhùn, mo kàn ń gbọ́ ọ. Ó ra iyán náà, ó ra ọ̀bọ̀kún kún un, a jẹun lọ́dọ̀ ìyá kan lẹ́bàá Ọjà Àtakúmọ́sà títí oorun fi ń kun àwa méjèèjì.

Àwọn kan tún bi mí pé kí ló dé tá ò kàn jọ gbà láàárín ara wa pé kó lo ti àkọ́kọ́, ṣebí ọ̀rẹ́ ni wá, ṣebí ẹ̀bùn ò sí ńbẹ̀. Òfin 1.3b ti dáhùn ìyẹn: tí àwọn tó ń gbá bá mọ òfin tó kàn wọ́n, tí wọ́n sì jọ gbà láti fojú fò ó, gbogbo wọn ni wọ́n máa yọ kúrò. Tó bá jẹ́ pé a kàn ń fi igi ṣeré ni, tá ò mú káàdì dání, ó yàtọ̀, ká gbá mẹ́ta, ká gbá mẹ́rin, kò kan ẹnikẹ́ni. Àmọ́ a ti mú káàdì, a sì fẹ́ dá a padà.

Ìbéèrè kan tí Ẹnjiníà bi mí lọ́nà yẹn ṣì wà láàárín wa. Ó ní ká ní mo rí i nígbà tó na ọwọ́ gba bọ́ọ̀lù kejì, ṣé mi ò ní rán an létí? Mo ní màá rán an létí, kò sì lòdì sí òfin, torí sísọ ohun tí òfin wí fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbá kì í ṣe ìmọ̀ràn, ẹnikẹ́ni ló lè sọ ọ́. A ti wá gbà báyìí pé tẹ́nì kan nínú wa bá ti rí i tí ìkejì gbé bọ́ọ̀lù míì lé tíì, kó bi í pé "Provisional, àbí?" Àwọn kádì náà ti mọ̀ ọ́n, ọ̀kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ẹni tó bá bá jáde. Èyí tá ò tíì fẹnu kò lé lórí ni bóyá ó yẹ kó di dandan fún marker láti bi í. Ẹnjiníà ní ó yẹ, pé òun máa sọ fún kápítéènì kó fi í sára ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà kílọ́ọ̀bù. Èmi ní rárá, ẹni tó di igi mú ló ni ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀. A ṣì ń fà á lórí fóònù.